Kí Ni Í Dá Àlejò Dúró?

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí àwọn baba wa ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ jiyàn sí i, nítorí pé lójú Yorùbá, ẹni tí ó ti ilé jáde ni ó wà ní àjò, ilé náà ni yóò sì padà sí. Òwe náà gbà pé ilé wà. Ó gbà pé a mọ ibi tí ilé ọ̀hún wà, àti pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n irú arìnrìnàjò kan ti wá pọ̀ lágbàáyé báyìí tí òwe yìí kò bá mu dáadáa. Wọn kì í ṣe oníṣòwò, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ogun kò lé wọn kúrò nílé, wọn kò sì wá wo ìran fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó padà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni irinṣẹ́ wọn. Ẹnìkan nínú wọn lè jókòó sí Chiang Mai ní ilẹ̀ Thailand kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Jámánì, kí owó oṣù rẹ̀ sì máa wọlé sí báǹkì ní ìlú ẹ̀kẹta. Oṣù mẹ́ta níhìn-ín, oṣù mẹ́fà lọ́hùn-ún. Bí ibì kan bá sú u, á pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó di pápákọ̀ òfurufú.

Digital nomad ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Tsugio Makimoto àti David Manners ti fi orúkọ náà ṣe àkọlé ìwé kan ní ọdún 1997, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà wá láti inú èdè Gíríìkì, ó sì jẹ mọ́ pápá tí ẹran ti ń jẹko. Bí a bá ní kí a tú u dé gbòǹgbò, darandaran ni à bá pè wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtumọ̀ mìíràn létí wa lónìí, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti màlúù kò sì jẹ́ ohun tí a ń fi ṣeré ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá. Nítorí náà, alárìnkiri oníkọ̀ǹpútà ni n ó máa pè wọ́n. Síbẹ̀, kí a má gbàgbé koríko inú ọ̀rọ̀ náà. Darandaran kì í ṣàdédé dúró sí ibì kan. Koríko ni ó ń dá a dúró, nígbà tí koríko bá sì tán, ó di gbére. Kí wá ni koríko àwọn wọ̀nyí? Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ara mi nìyẹn. Ọ̀kan tún tẹ̀ lé e, èyí tí ó ká mi lára jù ú lọ: ǹjẹ́ ẹni tí koríko dá dúró tilẹ̀ dúró ní tòótọ́?

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ṣòro. Owó ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ London tàbí ti New York, tí ó sì ń na án ní ọjà Chiang Mai, ti di ọlọ́rọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já àti iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwa tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti di orin ìsùn fún sì mọ iyì ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ojú ọjọ́ tí ó tura, òkun tí ojú lè máa wò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti ṣáájú wọn débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fà wọ́n. Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àwọn ìjọba pàápàá ti ń gbin koríko náà sílẹ̀ dè wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2020, erékùṣù Barbados gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ó fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní oṣù méjìlá. 2,000 dọ́là ni owó rẹ̀ fún ẹnìkan, ẹni tí yóò gbà á sì gbọ́dọ̀ máa rí 50,000 dọ́là lọ́dún. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn ní Ponta do Sol, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Madeira tí í ṣe ti ilẹ̀ Potogí, wọ́n sì to tábìlì iṣẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé àṣà ìlú náà. Ilẹ̀ Potogí fúnra rẹ̀ ṣe ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ máa gba ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí, èyí tí ó jẹ́ 2,820 yúrò lóṣù ní ọdún náà. Ní ọdún 2022 yìí kan náà ni ti Bùràsílì bẹ̀rẹ̀, 1,500 dọ́là lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìlọ́po mẹ́rin yẹn. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé àlejò tí òun fẹ́ ni ẹni tí owó rẹ̀ ju ti ọmọ ìlú lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ẹ sì kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìbéèrè wọn. Kò sí ẹni tí ó bi àlejò náà pé ta ni ó mọ̀ ní ìlú, tàbí pé ta ni yóò ké sí bí ara rẹ̀ kò bá yá lóru.

Ní ilẹ̀ wa, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi àlejò nìyẹn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó ní ìlú onílùú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní onílé, ẹni tí yóò gbà á sílé, tí yóò mú un lọ sọ́dọ̀ baálé agboolé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì ti ibẹ̀ dé etí ọba. Wọn yóò bi í ní ibi tí ó ti wá àti ìdí tí ó fi kúrò, nítorí pé àwọn kan wà tí wọn kò kúrò nílé, ilé ni ó lé wọn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fún un ní ilẹ̀ láti fi dáko, òun náà á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣu díẹ̀ tàbí epo ni ó sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sì tó iye tí ilẹ̀ tó rárá. Iyekíye kọ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ẹni tí ó ru iṣu náà dé ń fi ẹnu iṣu sọ pé, ‘Mo mọ̀ pé ẹnìkan ni ó ni ibi tí mo dúró sí.’ N kò sọ pé àṣà yìí mọ́ tónítóní. Nígbà tí kòkó dé, tí ilẹ̀ di wúrà, ìṣákọ́lẹ̀ wúwo, ó di ẹjọ́, ìtàn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sì ti fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ ìbọn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ní ìlú Yorùbá, ènìyàn ni ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí o kò bá mọ ènìyàn kan, o kò tí ì wọ ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ààrin ọjà ni o dúró sí.

Alárìnkiri oníkọ̀ǹpútà kò nílò onílé. Ó ti yan yàrá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbéra, ó ti sanwó, ìlẹ̀kùn náà sì lè jẹ́ èyí tí nọ́ńbà ń ṣí, tí kò fi ní rí ẹni tí ó ni ín títí tí yóò fi lọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè máa kí ará àdúgbò, kí ó máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á wá síbẹ̀, èyíinì ni pé ayé rọrùn níbẹ̀ fún ẹni tí ó ní owó òkèèrè, ni wíwà rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ run. Ẹni tí ó ni ilé bá ṣe ìṣirò, ó rí i pé owó tí òun ń gbà lọ́wọ́ tíṣà ìlú ní oṣù kan, àlejò lè san án ní ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà a kẹ́rù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ sí ìgboro Lisbon nítorí owó ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, olórí ìlú Barcelona kéde pé nígbà tí yóò bá fi di ìparí ọdún 2028, òun yóò ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé bí 10,000 tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn arìnrìnàjò. Ní oṣù keje ọdún 2025, ó kan Ìlú Mẹ́síkò, ní àdúgbò Roma àti Condesa tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti kún. Wọ́n fọ́ fèrèsé ilé ìtajà, wọ́n ní kí àlejò máa lọ. Kò dára kí a di gbogbo ẹrù yìí lé àlejò lórí o. Ẹni tí ó lé tíṣà jáde, ọmọ ìlú ni. Àwọn tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ arìnrìnàjò ọlọ́jọ́ díẹ̀ sì pọ̀ ju alárìnkiri lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú bá ń bí ìlú, àjèjì ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí.

Mo mọ èyí láti inú oyún. Èmi kò kúkú sọ àsọdùn. Àwọn òbí mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó jáde. Bàbá mi kò ní ìwé. Láti ọdún mọ́kànlélógún, ta ni ó bi í? Wọ́n di ohun tí wọ́n lè dì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, ìyá mi sì gbé mi sínú rìn láti Kùmásì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù kejì ọdún 1970 ni wọ́n bí mi.

Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ Gánà ni bàbá mi ṣe lọ sí Gánà. Koríko ni òun náà wá lọ, bí gbogbo alájàpá ìgbà náà. Òwò kòkó ń mú owó rìn ní Kùmásì, ilẹ̀ wa sì há fún àwọn àbúrò nínú agboolé ńlá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí pé àwọn ará àtijọ́ kì í tẹ̀ lé owó, kí ó wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní àárín ọdún mọ́kànlélógún náà tí n kò mọ orúkọ tí n bá pè é. Obìnrin Àṣàńtí kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Òun ni ó gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òru tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Ìyá mi ni ó dá èsúsú sílẹ̀ fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí àṣẹ ìjọba dé, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni wọ́n kó ẹrù ọjà tí ó kù sí. Ọdún kejì kò tí ì pé tí ó fi rán owó ẹrù náà lé oníṣòwò kan lọ́wọ́, pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, tí kò sì yọ kọ́bọ̀.

Ní ọdún 1978, iṣẹ́ tún dé: ìyá obìnrin náà ti kú. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, mo sì rántí pé bàbá mi bínú. Ó ní kí ni ìyá mi ń wá lọ sí ìlú tí wọ́n ti lé e jáde? Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó ra aṣọ dúdú àti pupa, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé, ‘Wọ́n á bèèrè mi.’ Títí tí ìyá mi fi kú, èdè Twi ni ó fi ń ka owó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gánà nìkan ni mo ń dá lẹ́jọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwa sì sọ báàgì onígun mẹ́rin tí wọ́n fi kó ẹrù ní orúkọ tí ó yẹ kí ojú máa tì wá fún títí di òní. Ìyá mi kò jẹun alẹ́ ní ọjọ́ tí rédíò ka àṣẹ náà.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ ‘wọ́n á bèèrè mi’ yìí fún ìgbà pípẹ́. Mo gbà pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó wà ní ìlú àti ẹni tí ó dúró ní ìlú farapamọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe iye ọdún. Àwọn kan wà tí wọ́n lo ogún ọdún ní ibì kan tí kò sí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí bí wọ́n bá lọ. Kì í sì í ṣe kí ẹsẹ̀ má kúrò lójú kan. Ẹ wo Pierre Verger, tí a bí ní Paris ní ọdún 1902. Ní ọdún 1932, ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ kọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ayé. Fún ọdún mẹ́rìnlá, bí ó ti ń ya àwòrán ni ó ń tà á fún ìwé ìròyìn. Bí ẹnìkan bá yẹ ní baba ńlá fún àwọn alárìnkiri òde òní, òun ni. Ní ọdún 1946, ó dé Salvador ní Bahia, ní Bùràsílì, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé títí tí ó fi kú ní ọdún 1996. Iṣẹ́ àwòrán fún ìwé ìròyìn O Cruzeiro ni ó kọ́kọ́ fi ń jẹun níbẹ̀. Ìyẹn ni pé láti Bahia ni ó ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ń sanwó fún un, gẹ́gẹ́ bí oníkọ̀ǹpútà ti ń ṣe lónìí. Kí ni ó wá dá a dúró? Ẹwà ìlú náà wà níbẹ̀, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé òrìṣà Bahia fún un ní oyè, àwọn babaláwo Kétu sọ ọ́ ní Fátúnmbí, láti ìgbà náà ni ó sì ti di oníṣẹ́ láàárín etíkun méjèèjì, tí ó ń ru ìròyìn àwọn ọmọ ìyá tí òkun yà. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ pẹ̀lú. Ìrìn àjò rẹ̀ kò dín kù. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó yí padà.

Ti Susanne Wenger sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Graz ní ilẹ̀ Austria ni. Ní ọdún 1950 ni ó bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Ìbàdàn. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ lù ú. Lẹ́yìn àìsàn náà ni Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, gbà á sọ́dọ̀. Beier lọ ní tirẹ̀. Àdùnní dúró sí Òṣogbo, ó bá àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ibẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun títí tí UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ó sì kú sí Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009. A lè bá a jiyàn lórí àwọn ère rẹ̀. Mo mọ àwọn ọmọ Òṣogbo tí wọ́n sọ fún mi pé Ọ̀ṣun tí àwọn mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì gbà pé ìrìn òun àti ti Verger rọrùn ju ti bàbá mi lọ: nígbà ìjọba amúnisìn, àwọ̀ òyìnbó nìkan ti tó ìwé ìgbélùú. Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn méjèèjì jẹ gbèsè tí owó kò lè san, wọn kò sì sá fún un.

Gbèsè ni mo rí di ọ̀rọ̀ náà mú sí. Ohun tí ó ń fa alárìnkiri mọ́ ibì kan ni ohun tí ibẹ̀ fún un. Ohun tí ó ń dá ènìyàn dúró ni ohun tí ibẹ̀ lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ayé yìí sá kúrò nílé gan-an nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́, n kò sì lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi pátápátá. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó àwọn ẹbí í bọ́ mọ̀ pé gbèsè ilé lè sọ ènìyàn di ẹrú. Ó lè jẹ́ pé ìsinmi díẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ‘wọ́n á bèèrè mi’ tọ́ sí olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n kí a má pe ìsinmi ní ibùgbé.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní Yunifásítì wà nínú àwọn alárìnkiri yìí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Kò lè lọ sí Lisbon. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó lo àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó fún ọmọ ẹgbẹ́ ní 90 ọjọ́ láìgba físà, ó sì kọjá sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí ń pè ní Porto-Novo. Oṣù mẹ́ta ni ó ní lọ́kàn, kí ó tó kọjá sí Accra. Nígbà tí ó pè mí lórí fóònù ní ọdún tí ó kọjá, oṣù kọkànlá rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti gba ìwé ìgbélùú.

Mo ní, ‘Ṣé iná ni kò kí ń lọ níbẹ̀ ni?’

Ó rẹ́rìn-ín. ‘Ó máa ń lọ, sà. Ìyá kan ni wọ́n wà níbí tí wọ́n ń ta àkàsà. N kò yọjú fún ọjọ́ méjì torí iṣẹ́, ni wọ́n bá rán ọmọ wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ara mi ni kò yá.’ Ó dákẹ́ díẹ̀. ‘Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti mú aṣọ ẹbí wá fún mi. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni, sà: ṣé kí n san owó aṣọ náà fún wọn, àbí wọ́n á bínú?’